Èèyàn mẹ́jọ, ipa méjìlélógún: ẹ gbà mí lórí eré àwọn ẹlẹ́wọ̀n yìí

Àbẹ̀kẹ́_Peckham (ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí orí mi má baà dàrú.

Ẹgbẹ́ eré kékeré kan la ní níbí, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wa, ọmọ Jàmáíkà méjì wà níbẹ̀, òyìnbó kan sì wà. A ti gbàṣẹ láti ṣe Our Country's Good tí Timberlake Wertenbaker kọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìtàn àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó sọ́kọ̀ lọ sí Ọsirélíà ni. Ọkọ̀ mọ́kànlá gbéra ní Portsmouth ní oṣù karùn-ún 1787, wọ́n gúnlẹ̀ ní oṣù kìíní 1788. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà 1789, tí í ṣe ọjọ́ ìbí ọba George Kẹta, àwọn ẹlẹ́wọ̀n yẹn ṣe eré apanilẹ́rìn-ín kan, The Recruiting Officer. Bí wọ́n ṣe kọ́ eré yẹn, tí ebi ń pa wọ́n, tí ẹgba ń dún lẹ́yìn wọn, ni eré tiwa dá lé.

Wàhálà mi rèé. Ipa 22 ló wà, òṣèré 10 ló sì yẹ kó pín in ṣe. Mẹ́wàá la jẹ́ títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹnì kan rí iṣẹ́ alẹ́, ẹnì kejì lọ sìnkú bàbá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, kò sì tíì mọ ọjọ́ tí òun máa padà. A ku mẹ́jọ, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló sì kù. Ìran kan wà ní apá kìíní tí àwọn ọ̀gá ológun jókòó, tí wọ́n ń jiyàn bóyá ó yẹ kí ọ̀daràn ṣeré. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta: ọ̀gá mẹ́wàá ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Èkejì, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá wo rìhásà wa lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tó yá, ó fọwọ́ tọ́ mi: "Ọ̀gá àárọ̀ yẹn ló tún ti di olè ni?" Kò mọ ta ni ta ni.

Ẹ̀kẹta ló le jù. Wọ́n ń na Robert Sideway ní pàṣán nínú ọkọ̀ ni eré náà fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń ṣe Sideway fún wa sọ pé òun ò ní bọ́ṣọ kí wọ́n máa na ẹ̀yìn dúdú lójú àwọn tó sanwó wọlé. Mi ò lè sọ pé kò lẹ́tọ̀ọ́.

ỌmọÌbàdàn_Òkè (ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́)

Àǹtí mi, kí ló le níbẹ̀? Ẹ yọ ọ̀gá méjì, Faddy àti Johnston, dànù nínú ìran ìpàdé yẹn, kí ẹ pín ọ̀rọ̀ ẹnu wọn fún àwọn tó kù. Ta ló fẹ́ wá ka ọ̀gá?

Káyọ̀dé_Leeds (ọjọ́ Ajé, 10:25 alẹ́)

Àbúrò, má fi ìyẹn ṣeré o. Ìwé àṣẹ tí wọ́n fún Àbẹ̀kẹ́, bó ṣe wà lórí ìwé ni wọ́n ní kí ó ṣe eré náà. Ẹ ò lè gé e, ẹ ò lè fi kún un, àfi tí àwọn tó ni ẹ̀tọ́ bá fọwọ́ sí i. Nínú eré mìíràn tí àwa ṣe, a kọ̀wé bẹ̀ wọ́n pé kí ẹnì kan sọ ọ̀rọ̀ èèyàn méjì. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí èsì tó dé. Àbẹ̀kẹ́, tó bá jẹ́ ọ̀nà yẹn lẹ fẹ́ gbà, alẹ́ yìí gan-an ni kí ẹ kọ̀wé, ẹ má dúró di ọ̀la.

Èyí tó yá jù ni kí ẹ wá èèyàn méjì tí ìran kan ṣoṣo náà máa jẹ́ tiwọn. Ṣé ẹ ní ẹni tó ń tan iná? Ṣé ẹ ní ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì? Àwa fi kóòtù wọ obìnrin tó ń ta tíì lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ́ gbólóhùn mẹ́sàn-án, ó sì sọ wọ́n ju àwa tí a ń pe ara wa ní òṣèré lọ. Àpéjọ tí wọ́n kàn jókòó tí wọ́n ń jiyàn ni, kò gba ìrìn púpọ̀.

Ìyá_Eléré (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, ìbéèrè ẹ̀gbọ́n rẹ yẹn, "ọ̀gá àárọ̀ yẹn ló tún ti di olè ni?", dákun má wá oògùn sí i. Ohun tí eré náà fẹ́ kí ó bi ara rẹ̀ ló bi ọ́ yẹn.

Ṣé o rí i, àwọn babańlá wa tó ń ṣe alárìnjò kò fi ìpàdà pamọ́ fún òǹwòran. Apidán á wà níwájú gbogbo ọjà, á yí aṣọ rẹ̀ dé inú, ohun tó jẹ́ èèyàn tẹ́lẹ̀ á di ejò, á di ọ̀nì. Bí ó bá lọ pààrọ̀ aṣọ lẹ́yìn ògiri ni, ta ni yóò pè é ní idán? Ìwọ náà, so àwọn kóòtù pupa ọ̀gá ológun mọ́ ìtàgé, ní gbangba, kí gbogbo ayé máa rí wọn. Ẹni tó bá fẹ́ di ọ̀gá yóò lọ mú kóòtù, yóò wọ̀ ọ́ lójú wa, ọrùn rẹ̀ yóò sì le. Ẹni tó bá ń padà di ẹlẹ́wọ̀n yóò bọ́ ọ. Bí o bá ṣe é bẹ́ẹ̀ nígbà méjì àkọ́kọ́, kò sí ẹni tí yóò bi ọ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n kóòtù nìkan kò tó. Ohùn pàápàá kò tó, ohùn ni àwọn òṣèré ìsinsìnyí máa ń kọ́kọ́ sá lọ bá, tí gbogbo ọ̀gá á wá máa fimú sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Fún òṣèré kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kan tí wọn ò ní sọ̀rọ̀ rárá, kí wọ́n máa rìn bí ẹni tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ nínú ọkọ̀, kí wọ́n tún rìn bí ẹni tí ẹnikẹ́ni kò na rí. Kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá lè mọ̀ wọ́n láti ẹ̀yìn wọn.

Ralph Clark, ọ̀gá tó ń darí eré àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà, nìkan ni kí o má fún ní ipa kejì. Ojú kan gbọ́dọ̀ wà tí kò yí padà, kí òǹwòran rí ibi di mú.

Èmi ì bá fún Sideway ní ipa Ross, ọ̀gá ológun tó le jù. Ara tí wọ́n nà ní ìran kìíní, òun náà ni kó wá di ẹni tó ń pàṣẹ kí wọ́n na ẹlòmíràn.

Káyọ̀dé_Leeds (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:50 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ mà. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbà àyàfi èyí tó gbẹ̀yìn. Rìhásà kejì, ní apá kejì, Ross àti Campbell, ọ̀gá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, já wọlé bá wọn láti wá dà á rú. Sideway wà níbẹ̀. Ross fi Dabby, obìnrin ẹlẹ́wọ̀n kan, ṣe ajá, ó ní kó fẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn kó máa gbó. Ó ní kí Mary, obìnrin ẹlẹ́wọ̀n mìíràn, gbé yẹ̀rì sókè kí àwọn rí àmì tó fín sí itan rẹ̀. Sideway ló wá ṣíjú kúrò lára Ross, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ inú eré wọn sí Liz, tí òun náà jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n, Liz sì dá a lóhùn. Ibẹ̀ lọ́kàn eré náà wà. Ẹnì kan ò lè dúró ní ìhà méjèèjì.

Ross àti Ketch ló bára mu: ẹni tó ń pàṣẹ ikú, àti ẹni tí wọ́n fagbára sọ di apànìyàn ìjọba nítorí àtigba ẹ̀mí ara rẹ̀ là.

Ìyá_Eléré (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:10 àárọ̀)

Òótọ́ ni, mo gbàgbé pé wọ́n jọ wà níbẹ̀. Ross àti Ketch dára ju tèmi lọ.

Dúró_Birmingham (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:31 ọ̀sán)

Kí n fi tèmi kún un kí ẹ má lọ tẹ́. Àwa náà gbé kóòtù kọ́ sórí ìtàgé bí Màmá ṣe wí. Kóòtù sójà ayé ọjọ́un, bọ́tìnnì rẹ̀ ò lóǹkà. Lálẹ́ àkọ́kọ́, gómìnà wa dúró níwájú èèyàn tó ń jà pẹ̀lú bọ́tìnnì kẹrin, àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín, ó sì jẹ́ ibi tí kò yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ rán bọ́tìnnì mọ́ ọn fún ojú lásán, kí ẹ fi Velcro ti abẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí wọ́n já a níbi tí kò sí ariwo, ó máa ń dún bí aṣọ tó ya.

Ẹ má sì fi wíìgì kún un. Ẹ jọ̀ọ́.

WọléWá_Ẹ̀wọ̀n (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:55 alẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Orúkọ tí mò ń jẹ́ níbí kì í ṣe àwàdà: fún bí ọdún mẹ́rin, mo máa ń lọ kọ́ àwọn ará inú ọgbà kan ní eré ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. (Òfin ọdún 2019 ní ká máa pè é ní ọgbà àtúnṣe. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ṣì ń pè é ní ẹ̀wọ̀n.)

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí nǹkan méjì tí àwọn tí kò wọ ibẹ̀ rí máa ń ṣì mú.

Àkọ́kọ́, àwọn ọ̀gá. Ẹ má ṣe wọ́n bí ẹranko. Àwọn wọ́dà tó ń ṣọ́ wa nígbà rìhásà, ara ni ó máa ń kọ́kọ́ ta wọ́n. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí ẹlẹ́wọ̀n kan bá sọ ọ̀rọ̀ adájọ́ dáadáa, ó máa pè é síta pé kó wá gbá ilẹ̀. Mo kà á sí ìkà lásán. Ó tó bí ọdún kan kí ó tó yé mi pé ẹ̀rù ló ń bà á: tí ẹni tí òun ń ṣọ́ bá lè di adájọ́ fún wákàtí méjì, kí wá ni òun? Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe Ross wá ìbẹ̀rù yẹn rí. Ìyẹn máa ba èèyàn lẹ́rù ju ariwo lọ.

Èkejì, Liz Morden. Kò mọ̀wé, ẹlòmíràn ló ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un. Àwọn òṣèré tó mọ̀wé máa ń ṣe é bí ẹni tó ń tiraka, tó ń kólòlò. Irọ́ ni. Àwọn tí kò mọ̀wé nínú ẹgbẹ́ mi ló kọ́kọ́ mọ gbogbo eré náà, tiwọn àti ti ẹlòmíràn, nítorí etí ni wọ́n fi ń gba ohun gbogbo. Àwọn tó dì mọ́ ìwé ló ń gbàgbé. Ẹ ní kí ẹni tó ń ṣe Liz ju ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lọ́la, kí ẹlòmíràn máa ka ọ̀rọ̀ fún un títí á fi mọ́ ọn lórí.

Nípa ẹgba: kí olùdarí Max Stafford-Clark tó gbé eré yìí jáde ní ilé eré Royal Court ní 1988, òun àti òǹkọ̀wé lọ wo eré tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ṣe nínú ọgbà Wormwood Scrubs. Wọ́n mọ̀ pé ohùn máa ń rìn jìnnà nínú ẹ̀wọ̀n. Ní rìhásà kejì yẹn, ẹ̀yìn ìtàgé ni igbe ẹni tí wọ́n ń nà ti ń wá, àwa ò rí i. Ẹ ṣe ti Sideway náà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọkùnrin yẹn wọ ẹ̀wù rẹ̀.

Àlàdé_Onílù (ọjọ́ Ọjọ́rú, 1:20 ọ̀sán)

Ẹ fi ìlù ṣe é! Ẹgba kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá kan lójú ìyáàlù. Mo wà ní Lewisham, mo lè wá.

Dúró_Birmingham (ọjọ́ Ọjọ́rú, 1:45 ọ̀sán)

Bọ̀dá Àlàdé, ẹ má bínú. A ti dán an wò. Nígbà tó máa fi di ẹgba kẹwàá, orí àwọn ènìyàn ti ń mì sí i. Ìlù a máa mú nǹkan dùn, ìyà ò sì gbọ́dọ̀ dùn. Táwẹ́lì tútù lórí awọ àga la wá fi rọ́pò rẹ̀, láìdọ́gba, kí ó máa pẹ́ díẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹni tó ń ka iye ẹgba ni a jẹ́ kí ó kojú sí òǹwòran.

Àlàdé_Onílù (ọjọ́ Ọjọ́rú, 2:02 ọ̀sán)

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìlù tí kò ní ìlù nínú náà wà o. Ẹ jẹ́ kí n wá, kí ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó lé mi.

Títí_Melbourne (ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, 4:30 àárọ̀)

Ẹ jọ̀wọ́, kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ipa kan wà nínú eré náà, ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà tó máa ń jáde nígbà díẹ̀, tó kọ́kọ́ rò pé àlá tó ṣìnà ni àwọn ọkọ̀ yẹn. Nínú ìwé, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni wọ́n fi pè é, ọ̀rọ̀ tó ń dun àwọn tó ni ín níbí. Tí ẹ bá ń tẹ ìwé ètò, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ẹ̀tọ́ kí ẹ tó pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ má fi ẹfun kun ẹnikẹ́ni lójú. Mo sọ ọ́ nítorí mo ti rí i rí, ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa ni mo sì ti rí i. Nígbà tí ilé eré Lyric Hammersmith ṣe é ní 2024, òṣèré tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà gan-an ló ṣe ipa náà. Ẹ lè má rí irú rẹ̀, àmọ́ ẹ fi ipa náà sọ́tọ̀ fún ẹnì kan tí kò ní wọ kóòtù pupa rárá.

Kí ẹni náà sì mọ ohun tó ń sọ nígbà tí ara rẹ̀ kò yá ní ìparí. Ṣọ̀pọ̀ná ló jà ní etíkun Sydney ní oṣù kẹrin 1789, ó pa àwọn ará Eora, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Arabanoo, tí àwọn òyìnbó jí gbé ní oṣù kejìlá 1788 kí wọ́n lè gbọ́ èdè lẹ́nu rẹ̀. Ó bá wọn tọ́jú àwọn tó ń ṣàìsàn, àrùn náà sì pa òun náà ní oṣù karùn-ún. Ẹ ka oṣù: kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n sin ín tí wọ́n fi tan àbẹ́là fún eré ọjọ́ ìbí ọba.

Ìyá_Eléré (ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, 6:40 àárọ̀)

Háà. Títí, o ṣeun. N kò mọ ìyẹn ní gbogbo ọdún tí mo ti mọ eré náà.

ỌmọÌbàdàn_Òkè (ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, 11:15 àárọ̀)

Black Caesar, ẹlẹ́wọ̀n dúdú inú eré náà, ńkọ́? Ọmọ wa nìyẹn! Nígbà tí ó bá ń pe àwọn babańlá rẹ̀ ní ìparí, ẹ fi oríkì sí i, kí gbogbo ilé dìde.

Káyọ̀dé_Leeds (ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, 11:50 àárọ̀)

Ìwọ ọmọ yìí! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ àfikún tán. Madagascar ni eré náà ní Caesar ti wá, kì í ṣe Ìjẹ̀bú. Ẹ̀rù ló bà á ní ìparí, ó ní ojú máa ti àwọn babańlá òun tí òun bá sọ ara òun di ẹlẹ́yà. Àwọn yòókù ló fipá mú un. Tí ẹ bá fi oríkì sí i, ẹ ti sọ ẹni tó ń gbọ̀n di akọni.

Èèyàn gidi ni John Caesar o. Ilé ẹjọ́ Maidstone ló rán an lọ fún ọdún méje nítorí olè. Ó sá wọ igbó lọ́pọ̀ ìgbà, ìjọba wá fi jálá ọtí márùn-ún ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tó bá mú un. Wọ́n yìnbọn pa á ní oṣù kejì 1796. Oṣù kan ṣáájú ìyẹn ni Robert Sideway, olè tí ẹ fẹ́ nà yẹn, ṣí ilé eré tirẹ̀ ní Sydney. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì tó ń ṣe ipa wọ̀nyí mọ ibi tí ẹsẹ̀ àwọn tí wọ́n ń ṣe parí sí.

Bísí_Ẹnà (ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, 8:18 alẹ́)

Tèmi kúrú. Àdánìkàn-sọ Liz ní ìbẹ̀rẹ̀ apá kejì, èdè àwọn olè Lọ́ńdọ̀nù ló kún inú rẹ̀, òǹwòran kò ní gbọ́ ìdajì. Ẹ má ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Ẹnà ni. Ẹ ní kí òṣèré yín kọ́kọ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé Liz ní Yorùbá, lẹ́yìn náà kó fi ẹnà sọ ọ́, bí a ṣe ń ṣe nílé ẹ̀kọ́, "mogo ńgín lọgọ", kó yára, kó máa wo ojú wa bóyá a gbọ́. Tó bá padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ìgbéraga ẹni tó ní èdè tí ọ̀gá ò gbọ́ á ti wà lẹ́nu rẹ̀. Kò nílò láti ṣe bí ará Lọ́ńdọ̀nù ayé àtijọ́.

Àbẹ̀kẹ́_Peckham (ọjọ́ Àìkú, 10:03 alẹ́)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ní kí n ròyìn.

Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ni ẹ̀tọ́ lórí orúkọ ipa onílẹ̀ yẹn. Fún àwọn ọ̀gá, ẹni tó ń tan iná máa wọ kóòtù Faddy, ẹ̀gbọ́n mi tó béèrè ìbéèrè ló sì máa ṣe Johnston. Ó ní òun ò ṣe, ó ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti àná. Kò sẹ́ni tó máa ní ipa méjì kí ó tún ṣe onílẹ̀. Ìyẹn mú kí ẹnì kan ní ipa mẹ́rin, èmi sì nìyẹn, ẹ bá mi gbàdúrà.

Bọ̀dá Àlàdé wá. Ẹ gbọ́, ó dojú ìlù délẹ̀, ó ń fi èékánná ha awọ rẹ̀, kò lù ú rárá. A kò mú táwẹ́lì mọ́. Ọmọkùnrin wa tó ń ṣe Sideway kojú sí ògiri, ẹ̀wù wà lọ́rùn rẹ̀, ẹni tó ń kà á kojú sí wa. Nígbà tí a ṣe é tán, òun fúnra rẹ̀ sọ pé kí a tún un ṣe.

Ìtàgé ńkọ́, mo rí i pé Watkin Tench, ọ̀gá tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kọ ọ́ sílẹ̀: ahéré ẹlẹ́wọ̀n tí ògiri rẹ̀ jẹ́ amọ̀, pépà aláwọ̀ yáàdì mẹ́ta sí mẹ́rin, àbẹ́là olówó pọ́ọ́kú méjìlá, ọgọ́ta òǹwòran. Gbọ̀ngàn wa gba ọgọ́rin, nítorí náà a ṣe dáadáa jù wọ́n lọ díẹ̀. Kóòtù pupa ló kù. Mẹ́fà ni mo rí, mẹ́wàá ni mo fẹ́.

Dúró_Birmingham (ọjọ́ Àìkú, 10:20 alẹ́)

Mẹ́rin tiwa wà nínú àpótí lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé mi, pẹ̀lú Velcro rẹ̀. Ọ̀kan ti ya lábíyá. Ta ló ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ Sátidé?

WọléWá_Ẹ̀wọ̀n (ọjọ́ Àìkú, 10:41 alẹ́)

Ẹ má rán abíyá yẹn. Ẹ fún Ketch.